Tábìlì Tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Ihò kan ṣoṣo ni Sabina bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Kò tọrọ wúrà, kò ní kó kọ́ ilé pẹtẹ́ẹ̀sì fún òun. Ihò lásán ni, lójú pákó, tó tó ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Àmọ́ ọmọ Ìlàjẹ ni Japhet ọkọ rẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ló ń kàn jẹun létí ọ̀sà ní Bariga. Bàbá rẹ̀ kàn án, bàbá tó bí bàbá rẹ̀ kàn án, láti kékeré sì ni wọ́n ti ń na Japhet nítorí ihò tó bá fi sílẹ̀ lára ọkọ̀. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ẹ ní kó fọwọ́ ara rẹ̀ lu ihò sí pákó, kó tún fi í sílẹ̀ kó máa wò ó.

Ẹ̀rín ń pa mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n rọra sọ ọ́.

Pálọ̀ wọn ní Abúlé Òkúta ni Sabina ti ń ránṣọ. Ìyáàfin Adébùnmí, olùkọ́ yunifásítì kan tó ń gbé ní Akoka, ló kó ìró ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé wá fún un: àdìrẹ, àǹkárá, léèsì tó ti ṣá, gbogbo ohun tí màmá náà ró láyé. Ó ní kí Sabina gé wọn wẹ́wẹ́, kó tò wọ́n pọ̀ di kúbùsù ńlá kan.

"Ọjọ́ Sunday la máa ṣe ìrántí màmá," ló wí. "Mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ rí wọn lójú kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó bà jẹ́ o. Kò sí ibi tí mo ti lè rí òmíràn rà."

Sabina ti gé e, ó ti tò ó, ó sì ti rí aṣọ tí yóò fi ṣe ẹ̀yìn. Ó tún ra àpò òwú funfun kan tó rọ̀ mùkẹ̀mukẹ, èyí tí yóò tẹ́ sáàárín méjèèjì, kó tó wá fi máṣíìnì rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ síbì kan.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Kúbùsù náà tóbi, orí tábìlì máṣíìnì kò sì ju àtẹ kékeré kan lọ. Bí Sabina bá gbé e sí i, ìdajì rẹ̀ á wọ́ lọ sílẹ̀, wọ́ọ́, á máa fa abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ìlà tó yẹ kó tọ́ á máa lọ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà oko. Ó wo fídíò lórí fóònù, ó rí i pé tábìlì fẹ̀ẹ̀ kan ni àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń lò. Wọ́n á lu ihò sí àárín rẹ̀, wọ́n á sọ máṣíìnì sínú ihò náà, tí ojú máṣíìnì àti ojú tábìlì á fi dọ́gba. Aṣọ á wá máa yọ̀ lórí rẹ̀ geere.

"Bàbá Tẹni," ó wí fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, "ẹ jẹ́ kí n pe Bàbá Fareedah kó bá mi kàn án."

Bàbá Fareedah ni Ràmọ́nù, káfíńtà òdìkejì ọ̀nà, ọmọ Ìṣẹ́yìn. Búrẹ́dì ni Japhet ń jẹ lọ́wọ́. Búrẹ́dì náà dúró lọ́nà ọ̀fun.

"Ràmọ́nù? Èmi tí mo ń kan ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn kọjá ọ̀sà, tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni kí Ràmọ́nù wá kàn sínú ilé mi?"

"Tábìlì kì í ṣe ọkọ̀ o."

"Pákó kọ́ ni? Ìṣó kọ́ ni?"

Kò parí búrẹ́dì náà. Ó kọjá sí òdìkejì, ó lọ kéde fún Ràmọ́nù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé òun fẹ́ kan tábìlì. Ta ló bi í? Kò sẹ́ni tó bi í. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ.

Ràmọ́nù wò ó látòkè délẹ̀. "Japhet, omi ni tìrẹ. Orí ilẹ̀ ni tábìlì ń dúró sí."

"Ọ̀kan náà ni wọ́n."

"Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọkọ̀ ò lẹ́sẹ̀."

Samson tó ń wa kẹ̀kẹ́ Maruwa jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de àga rẹ̀ tí wọ́n ń tún ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn yòókù tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, torí inú bí Japhet, ó sì búra.

"Bí tábìlì mi ò bá wúlò fún ìyàwó mi, màá dúró ní oríta tó wà níwájú yìí, màá sì pè ọ́ ní ọ̀gá lójú gbogbo èèyàn."

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì dé Bariga. Kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, torí náà kálukú ló ń pera rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Bí Ràmọ́nù bá kí Japhet pé "àbúrò, báwo ni," Japhet kì í dáhùn títí di ọ̀sán. Kí ó wá fẹnu ara rẹ̀ pe Ràmọ́nù ní ọ̀gá? Ó sàn kó gbé òkúta mì.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Japhet kó pákó wá láti etí omi, pákó ọkọ̀ àtijọ́ tó ti gbé ẹja fún ọdún gbọọrọ. Nígbà tó kó o wọ pálọ̀, gbogbo ológbò àdúgbò tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó gé, ó fá, ó kàn án, gbà, gbà, gbà. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń kọrin ọmọ Ìlàjẹ, èyí tí kì í kọ bí kò ṣe ní ọjọ́ tí wọ́n bá ti ọkọ̀ tuntun sómi.

Sabina wá wò ó. Ó fọwọ́ kan iwájú rẹ̀.

"Bàbá Tẹni, kí lèyí tó yọ ṣóńṣó síwájú yìí?"

"Imú rẹ̀ ni."

"Kí ni tábìlì ń fimú ṣe?"

"Ó fi ń là á ni."

"Ó fi ń la kí ni?"

Japhet tẹjú mọ́ pákó. Ó ń fá igi lọ.

"Èyí tó dìde yí etí rẹ̀ ká yìí ńkọ́?"

"Kí nǹkan má baà máa bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ní aṣọ ń wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́gbọ́n mu, ẹ jẹ́ kí a má parọ́. Sabina sì jẹ́ obìnrin tó mọ̀ pé bí ọkọ ẹni bá ń kọrin, kí a má tètè dá a dúró. Ó kàn fa ìlà ihò náà sáàárín tábìlì fún un pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun gé ibẹ̀, ó sì lọ sọ́jà.

Japhet gé e. N kò sọ pé kò gé e. Ó mú ayùn, ó dijú kan, ó gé e bí ẹni ń gé irun ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Pákó àárín náà já bọ́ sílẹ̀, gbọ̀ọ̀. Japhet la ojú kejì, ó sì rí sìmẹ́ńtì ilẹ̀ pálọ̀ láti ojú tábìlì.

Ó fò sẹ́yìn.

Ohùn bàbá rẹ̀ dún sí i létí ketekete, bí ó ṣe máa ń dún nígbà tó wà lọ́mọdé: "Ihò tóo rí tóo ò dí, òun ló máa gbé ọ mì." Ó fi ayùn sílẹ̀. Ó lọ mu omi. Ó padà, ihò náà ṣì wà níbẹ̀. Ó lọ jókòó síta, ó kí àwọn tó ń kọjá, ó bi wọ́n nípa ilé, ó bi wọ́n nípa ọmọ. Ó wọlé, ihò náà ṣì la ẹnu sílẹ̀ fún un.

Nígbà tí Sabina ti ọjà dé, tábìlì náà ń dán gbinrin.

"Bàbá Tẹni, ihò dà?"

"Ihò wo?"

"Ihò tí mo ní kẹ́ ẹ gé."

"Mo gé e."

"Ó dà?"

"Mo dí i."

Sabina gbé àpò ọjà sílẹ̀. "Ta ló ní kẹ́ ẹ dí i?"

Japhet wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ojú tì í gan-an. "Ọwọ́ mi ni. Mi ò tíì ronú tán tó fi dí i."

Kò sì sí bí a ṣe máa se ebòlò tí kò ní í rùn ìgbẹ́. Sabina kò bá a jà. Ó kàn fa àga, ó jókòó tì í bí wọ́dà, ó ní kó tún un gé níṣojú òun. Ó gé e. Bó ṣe ń já bọ́ báyìí ni Sabina gbé máṣíìnì, ó sọ ọ́ sínú ihò náà kíá, kí ọwọ́ ẹni kan tó tún ronú nǹkan mìíràn.

Máṣíìnì náà jókòó síbẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ojú rẹ̀ àti ojú tábìlì dọ́gba.

Sabina mú àkísà ńlá kan, ó fi dán an wò. Tàtàtàtàtà. Aṣọ náà ń yọ̀ lọ geere, kò wọ́, kò fà, ìlà rẹ̀ tọ́ bí ìlà inú ìwé. Ó rán an títí tẹ́ẹ̀dì inú bọ́bìnì kékeré abẹ́ máṣíìnì fi tán, kò sì mọ̀ pé ó tán, torí orin ọmọ Ìlàjẹ lòun náà ti ń kọ. Ó súre fún ọkọ rẹ̀. Ó fi ẹja tútù se ọbẹ̀ fún un, ó bu orí ẹja fún un, èyí tí kì í bù fẹ́ni kan nínú ilé yẹn. Ó wá bọ́ síta, ó lọ sí Ṣómólú lọ ra tẹ́ẹ̀dì tí àwọ̀ rẹ̀ bá ìró màmá mu. Ọ̀la ni Ìyáàfin Adébùnmí máa wá wo iṣẹ́.

Ó fi Japhet àti tábìlì sílẹ̀ nínú ilé, àwọn méjì péré.

Japhet jẹ orí ẹja tán, ó pọ́nwọ́ lá, ó sì yíjú sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kó lè gbádùn rẹ̀. Ìgbà náà ló rí i. Láàárín ara máṣíìnì àti etí ihò náà, àlàfo kan wà níbẹ̀. Kò tó nǹkan. Èèkánná lè wọ̀ ọ́, ìka kò lè wọ̀ ọ́. Àmọ́ ó yí máṣíìnì ká látòkè délẹ̀.

Àlàfo ń wo Japhet, Japhet ń wo àlàfo.

Ó yí àga rẹ̀ padà, ó kọjú sí ògiri. Ó ka kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà níbẹ̀ láti January títí dé December. Ó tún yíjú padà.

"Omi á gbabẹ̀ wọlé," ó sọ fún ara rẹ̀.

Omi wo? Nínú pálọ̀, ní Abúlé Òkúta, nínú oòrùn ọ̀sán gangan? Ẹ má bi mí.

Ohun tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ń ṣe ni pé wọ́n á fi irin pẹlẹbẹ ki òwú sínú àlàfo pákó, wọ́n á fi òòlù gbá a wọlé, wọ́n á wá fi ọ̀dà dúdú lẹ̀ ẹ́. Agolo ọ̀dà Japhet wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Òwú rẹ̀ ló wà létí omi. Ó ń wá ohun tó máa fi rọ́pò rẹ̀ nígbà tó rí àpò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí i. Òwú ni, funfun báláú, ó rọ̀, ó mọ́. Láti ọjọ́ tó ti ń kan ọkọ̀, òwú tó dára tó bẹ́ẹ̀ kò dé etí omi rí. Ó tilẹ̀ dùn ún pé irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé òun, kò rí iṣẹ́ ṣe.

Tó, tó, tó. Tó, tó, tó.

Ó ki òwú náà yí máṣíìnì ká. Ó ki díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tó rí i pé ó ṣẹ́ kù, ó ki ìyókù sí oríkèé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó kì í sí abẹ́ etí rẹ̀, ó kì í sí imú rẹ̀. Ó wá po ọ̀dà, ó fi lẹ gbogbo rẹ̀, títí kan ìdérí pẹlẹbẹ kékeré kan tó ń mì jẹ́jẹ́ lójú máṣíìnì. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ wàyí. Ó sùn lórí àga.

Òórùn ọ̀dà ló pàdé Sabina ní títì.

"Bàbá Tẹni, kí ló ń rùn báyìí?"

"Iṣẹ́ ti parí," ni Japhet wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Sabina fẹ́ ki tẹ́ẹ̀dì tuntun sínú bọ́bìnì. Ìdérí kékeré tó ń mì yẹn ni ẹnu ọ̀nà bọ́bìnì, ó sì ti le gbagidi. Ó ní kí òun gbé máṣíìnì sókè kó gba abẹ́ rẹ̀, máṣíìnì àti tábìlì jọ dìde. Ó wo ẹ̀gbẹ́ àga rẹ̀. Àpò òwú lásán ló kù, Japhet sì ti ká a dáadáa, ó gbé e sórí àga. Ẹni tó mọ́ tónítóní ni ní tirẹ̀.

Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Aṣọ ìyá tó ti kú ni mo gé wẹ́wẹ́ yìí," ó wí láàárín ẹkún. "Ìyá oníìyá. Ọ̀la ló ń bọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Pé ọkọ mi ti fi òwú rẹ̀ dí ihò?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Japhet lákínyẹmí ara. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, kò sì fẹ́ rí omi lójú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn kó nù ún lójú, ó rántí pé ọ̀dà wà lọ́wọ́ òun, ó sì dúró gbọnrangandan sáàárín pálọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lókè bí ẹni tí ọlọ́pàá mú.

"Ẹ jẹ́ ká pe Bàbá Fareedah kó fi ayùn yọ ọ́," Sabina wí nígbà tó dákẹ́.

Japhet ronú nípa oríta. "Kò tíì dé bẹ́ẹ̀," ó wí. "Tábìlì yẹn dáa. Máṣíìnì ni kò dáa."

Sabina ká kúbùsù rẹ̀, ó gbé e wọ yàrá. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọjá lọ bá Ràmọ́nù.

Ràmọ́nù kò dá wá. Ó kó ayùn dání, ó kó Samson dání, ó kó gbogbo àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kìíní. Pálọ̀ kún. Ràmọ́nù rìn yí tábìlì náà ká, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé ìwé.

"Ó dára," ó wí. "Níbo ni wọ́n ń so okùn rẹ̀ mọ́?"

Ẹ̀rín bú gbàà.

Japhet dúró ṣánṣán. "Ẹ lè máa rẹ́rìn-ín. Tábìlì tí mo kàn yìí ò lè jò láé."

"Tábìlì wo ló ń jò?" Ràmọ́nù béèrè.

"Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín."

Kí Sabina tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, Japhet ti gbé abọ́ omi kan, ó sì ti dà á sórí tábìlì. Ṣààà. Bí wọ́n ṣe ń dán ọkọ̀ tuntun wò létí ọ̀sà nìyẹn, ojú ẹni tó bá sì kàn án ni wọ́n ti ń ṣe é. Etí tó mọ yí tábìlì ká mú omi náà dúró. Kò ṣàn lọ síbì kan. Máṣíìnì dúró sáàárín rẹ̀ bí erékùṣù.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀," Japhet wí.

Ẹ gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ọkùnrin, oníṣẹ́ ọwọ́, onílé, wọ́n kúnlẹ̀ sílẹ̀ pálọ̀, wọ́n yọ ọrùn sábẹ́ tábìlì, wọ́n ń wá ẹ̀kán omi. Samson na àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, ó ń dúró dè é.  Ẹ̀kán kan kò kán.

"Kò jò lóòótọ́," Samson wí látabẹ́ ibẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn sí i.

"Ẹ kú ilé o," ohùn kan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé abẹ́ tábìlì ni aṣọ ìyá mi wà ni?"

Ìyáàfin Adébùnmí ni. Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, orí Ràmọ́nù sì gbá imú tábìlì, gbòà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí imú yẹn máa rí ohun tó là nìyẹn.

Sabina sáré wọ yàrá, ó gbé kúbùsù náà jáde. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ wà níbẹ̀, ó fi pín-ìnnì gún etí méjèèjì pọ̀. Kò sí nǹkan kan láàárín wọn. Ó kúnlẹ̀.

"Mà, ẹ forí jì mí. Kò sí òwú nínú rẹ̀. Òwú náà ti… nǹkan ṣe é. Àlàyé rẹ̀ gùn."

Ìyáàfin Adébùnmí sún mọ́ ọn. Ó gba kúbùsù náà, ó tẹ́ ẹ sápá, ó ń wò ó láti igun dé igun. Ó rí àdìrẹ tí màmá ró lọ sọ́jà, ó rí léèsì tí màmá ró lọ síbi ìgbéyàwó òun. Ó gbé e sẹ́rẹ̀kẹ́. Omi lé ròrò sí i lójú.

"Ó fẹ́lẹ́," ó wí. "Ó fẹ́lẹ́ bí ìró màmá gan-an."

"Ẹ máà bínú, mà."

"Bínú kẹ̀? Láti ọjọ́ Tuesday ni mo ti ń ronú bí mo ṣe máa pè yín pé kẹ́ ẹ má fi òwú sí i. Ooru ilé wa ní Akoka ńkọ́? Iná tí kò sí ńkọ́? Ta ló fẹ́ da kúbùsù olówùú bora kó lè tètè lọ bá màmá lọ́run? Ẹ bá mi rán etí rẹ̀ pọ̀, ó parí." Ó nu ojú. "Ta ló tiẹ̀ yọ òwú yẹn?"

Sabina nawọ́ sí ọkọ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun o, sà," ni Ìyáàfin Adébùnmí wí. "Onílàákàyè ni yín."

Ẹ bá mi wo ojú Japhet. Ọkùnrin náà ga sí i níbi tó dúró. Ó yíjú sí Ràmọ́nù, tó ń fi ọwọ́ pa orí.

"Ó dáa," ó wí. "Ta wá ni ọ̀gá?"

"Ṣé o lè ki bọ́bìnì sí máṣíìnì yẹn?" Ràmọ́nù béèrè.

Japhet wo máṣíìnì.

"Àní, ṣé tábìlì náà wúlò fún ìyàwó rẹ, àbí kò wúlò?"

Gbogbo èèyàn yíjú sí Sabina. Obìnrin náà wo ọkọ rẹ̀, ó wo adágún omi tó wà lórí tábìlì.

"Bàbá Tẹni," ó wí jẹ́jẹ́, "ẹ lọ pè é."

Japhet lọ sí oríta. Wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn tí kò sí níbẹ̀. Ó dúró, ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó tún un là.

"Ọ̀gá," ó wí.

"Mi ò gbọ́," ni Ràmọ́nù wí. "Kẹ̀kẹ́ ń kọjá."

"Ọ̀gá!"

Hẹn ẹn. Ràmọ́nù gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ayùn yọ máṣíìnì Sabina lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sì mọ ohun tó ń dun Ràmọ́nù? Omi kò kan abẹ́ máṣíìnì náà rárá. Ó gbẹ táútáú, òwú ti gbà á là lọ́wọ́ omi tí ẹni tó ki òwú náà dà sí i. Sabina ha ọ̀dà kúrò, ó rán etí kúbùsù náà pọ̀, wọ́n sì ṣe ìrántí màmá lọ́jọ́ Sunday. Àwọn ọmọ sunkún, wọ́n jẹun, inú gbogbo wọn dùn.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ràmọ́nù ni kò jẹ́ kó tán.

Orúkọ ọ̀gá ti ń pa á bí ọtí. "Ọ̀gá tó lọ́mọ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ níṣẹ́," ó wí fún Japhet lójú gbogbo èèyàn. "Wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ Monday. Màá fi bí wọ́n ṣe ń kan nǹkan orí ilẹ̀ hàn ọ́."

Japhet kì í yẹ àdéhùn. Nígbà tó di Monday, ó dé ṣọ́ọ̀bù Ràmọ́nù láàárọ̀, ó gbé òòlù rẹ̀ dání, ó gbé agolo ọ̀dà rẹ̀ dání. Àpótí sípíkà ni Ràmọ́nù ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn fún ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ṣómólú. Ó ti fi ìfági dán wọn, ó ti tò wọ́n sára ògiri, wọ́n ń dán yinrinyinrin. Òun fúnra rẹ̀ ń wò wọ́n, ó ń mi orí.

"Wo iṣẹ́ àgbà," ó wí. "Jókòó tì wọ́n. Mo fẹ́ lọ mú Bámilóyè tó máa gbà wọ́n fún ṣọ́ọ̀ṣì wá láti Ṣómólú. Ohunkóhun tóo bá rí tó kù níbẹ̀, bá mi tún un ṣe."

"Ó dáa, ọ̀gá."

Ràmọ́nù lọ. Japhet jókòó, ó sì gbójú sókè. Àpótí méjìlá ló wà lára ògiri. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì la ẹnu róbótó ńlá kan sílẹ̀, tí orí ọmọdé lè gbà kọjá.

Nígbà tí Ràmọ́nù àti Bámilóyè sọ̀ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Samson, òórùn ọ̀dà ló pàdé wọn ní títì. Japhet dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó laàgùn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bámilóyè wọlé, ó wo àpótí kìíní. Ó wo ìkejì. Ó rìn dé ìkejìlá, ó fi ọwọ́ kàn án. Ó dán, ó le, ó dúdú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "níbo ni ohùn máa gbà jáde?"

"Kò lè rí ibi kankan gbà," Japhet wí. Ó yíjú sí Ràmọ́nù pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Mo ti bá yín fi pákó dí gbogbo rẹ̀, ọ̀gá. Ẹ̀kán ohùn kan ò lè jò níbẹ̀ mọ́."

Ràmọ́nù ṣí fìlà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sáàárín èérún igi. 

"Japhet," ó wí, "mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Má pè mí ní ọ̀gá mọ́."